Ewé òdòdó inú ilé ń pọ́n? Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bomi sí i

Ó ṣòro ká tó rí ọlọ́dòdó kan l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta tí irú ìpè yìí kò tí ì wọlé sórí fóònù rẹ̀ rí. Oníbàárà tó ra ìkòkò òdòdó mẹ́fà sí ọ́fíìsì rẹ̀ lóṣù tó kọjá ló máa pè, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn fúláwà tẹ́ ẹ kó wá yẹn ti ń pọ́n o. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ẹ́ kú." Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́dòdó sì máa ń fún un kò ju méjì lọ. Bí wọn kò bá sọ pé, "Ẹ máa bomi sí i dáadáa," wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé ajílẹ̀ wá." Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, òdòdó ti kú, inú oníbàárà ti bàjẹ́, owó sì ti wọgbó.

Òwò òdòdó inú ilé kì í ṣe òwò kékeré mọ́. Ilé ìfowópamọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun, gbogbo wọn ló ń ra ìkòkò òdòdó. Àwọn ọlọ́dòdó kan ń tà á pátápátá, àwọn kan ń fi yáni fún ìnáwó, àwọn mìíràn sì ń gba iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tó wù kẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀, ewé tó ń pọ́n lè jẹ gbogbo èrè yín tán láìjẹ́ pé ẹ fura.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹ gba iṣẹ́ ìtọ́jú ìkòkò 20 ní ọ́fíìsì kan, tí wọ́n ń san N40,000 fún yín lóṣù. Ká tún ní àdéhùn yín ni pé èyí tó bá kú, ẹ̀yin lẹ máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí ọ̀kan sì ń náni ní N12,000. Bí mẹ́ta péré bá kú nínú oṣù kan, N36,000 ti lọ nìyẹn. N4,000 ló kù lọ́wọ́ yín, ẹ kò sì tí ì yọ owó ọkọ̀ àti owó ọmọṣẹ́ níbẹ̀. Oṣù náà ti di òfo.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Pípọ́n ewé kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, àmì àrùn ni, bí ara gbígbóná ṣe jẹ́ fún èèyàn. Ibà lè mú kí ara gbóná, egbò tó kẹ̀ náà lè mú kó gbóná, oògùn wọn kò sì papọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òdòdó. Omi tó máa gba èyí tí òùngbẹ ń gbẹ là ló máa pa èyí tí omi ti pọ̀ jù fún. Ajílẹ̀ tó máa mú èyí tí ebi ń pa sọjí ló máa jó gbòǹgbò èyí tó ń ṣàìsàn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọlọ́dòdó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ òdòdó wò ní ẹsẹẹsẹ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

KÍ LÓ Ń MÚ EWÉ PỌ́N?

Èròjà kan wà nínú ewé tí wọ́n ń pè ní chlorophyll. Òun ló ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, òun náà ni òdòdó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Bí gbòǹgbò kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, bí oúnjẹ kan bá tán nínú ilẹ̀, tàbí bí kòkòrò bá ń fa omi ara ewé mu, èròjà yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tẹ́ ẹ wá ń rí yẹn ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, chlorophyll ló bò ó mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ewé tó pọ́n ló ń ṣàìsàn o. Pèrègún tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n fi ń pààlà oko, wà lára àwọn òdòdó tí àwọn òyìnbó ń gbé sínú ọ́fíìsì wọn. Dracaena fragrans ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tó ní ìlà pupa rúsúrúsú láàárín ewé, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Croton náà ń bẹ tí ewé rẹ̀ jẹ́ aláràbarà. Bákan náà, bí ewé kan tàbí méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bá pọ́n, tí gbogbo èyí tó kù sì ń dán, ewé àgbà ló ti tó àsìkò láti rẹ̀. Ẹ já a sọ nù, kẹ́ ẹ sì fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ewé mẹ́rin, márùn-ún ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ewé tuntun ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó ṣàjèjì, ìyẹn ló tó ohun tí à ń yẹ̀ wò.

ÀKỌ́KỌ́: EWÉ WO LÓ KỌ́KỌ́ PỌ́N?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà lórí fóònù. Ṣé ewé ìsàlẹ̀ ni, àbí ewé tuntun tó ń yọ lókè?

Àwọn oúnjẹ kan wà tí òdòdó lè gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú ara rẹ̀. Nitrogen àti magnesium wà lára wọn. Bí wọ́n bá ti ń tán nínú ilẹ̀, òdòdó á fà wọ́n jáde lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun, bí ìyá tó ń yọ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún ọmọ. Ewé ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pọ́n nígbà náà. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n délẹ̀ pátápátá, tí ewé tuntun sì ń kéré sí i, nitrogen ló ṣeé ṣe kó má tó. Bó bá jẹ́ pé àárín iṣan ewé ìsàlẹ̀ ló pọ́n, tí àwọn iṣan fúnra wọn ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ fura sí magnesium.

Èròjà irin ní tirẹ̀ kì í ṣí kúrò níbi tó bá ti jókòó sí. Bí kò bá tó, ewé tuntun ló máa ń pọ́n, tí iṣan rẹ̀ á ṣì hàn ketekete. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Lọ́dún 1843 ni Eusèbe Gris, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé bí a bá fún irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ní èròjà irin, ewé rẹ̀ á padà sípò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Lọ́pọ̀ ìgbà, èròjà irin wà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ni kò rí i fà mu, bóyá nítorí pé omi ti bò ó mọ́lẹ̀, tàbí nítorí pé omi bọ́hóòlù tí wọ́n ń lò ní efun púpọ̀ nínú, tó ti sọ ilẹ̀ inú ìkòkò di èyí tí irin kì í yọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ tó pọ́n. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé nìkan ló ṣí àwọ̀ tàbí tó jó, oòrùn ló pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ̀rọ amúlétutù ni, ẹ ti mọ ọ̀daràn. Bí ewé bá ní ààmì tótòtó tíntìntín káàkiri, kòkòrò ni kẹ́ ẹ wá. Bí ewé ìsàlẹ̀ púpọ̀ bá sì pọ́n pọ̀, tí wọ́n rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ omi nìyẹn.

ÌKEJÌ: Ẹ TI ÌKA BỌ ILẸ̀

Ẹ má fi ojú wo orí ilẹ̀ nìkan, nítorí òkè lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ máa ṣàn. Ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ ìkòkò náà dé oríkèé kejì, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ tún gbé ìkòkò náà wò. Ìkòkò tó kún fómi máa ń wúwo, èyí tó gbẹ máa ń fúyẹ́.

Bí ilẹ̀ bá tutù rinrin nígbà tí ewé ń pọ́n, omi ló pọ̀ jù. Òun ló sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń pa òdòdó inú ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé gbòǹgbò ń mí. Àwọn àlàfo kéékèèké wà nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo yìí lọ́jọ́ dé ọjọ́, gbòǹgbò kò ní rí èémí mí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́. Nítorí náà, òdòdó tó dúró nínú omi á tún máa rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ! Ẹni tó bá rí i á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á sì tún bomi sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nínú ọ́fíìsì, ó rọrùn kí omi pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbálẹ̀ á bomi sí i láàárọ̀, ọlọ́dẹ á tún bomi sí i nírọ̀lẹ́, àlejò á da omi tó mu kù sí i. Ìkòkò aláràbarà tí wọ́n gbé e sí lè má ní ihò nídìí rara. Bó bá sì ní ihò, omi lè ti kún inú àwo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rántí pé òdòdó tó ń mu omi lójoojúmọ́ nígbà tó wà lẹ́bàá títì nínú oòrùn lè má nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ nínú yàrá tí kò ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ọ̀já ìkookò, tí ewé rẹ̀ nà ṣóńṣó bí idà, tí àwọn oníbàárà ń pè ní snake plant, lè lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìmu omi. Ara rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí. ZZ plant náà rí bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ti gbẹ, tó ti sún kúrò lára ìkòkò, tí etí ewé sì ń rún wómúwómú, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Ẹ má kàn da omi sí i lórí, nítorí omi náà á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ṣàn lọ. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú bàsíà omi fún bíi ìdajì wákàtí, kí ilẹ̀ lè mu omi láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e jáde kó ro.

ÌKẸTA: Ẹ WO GBÒǸGBÒ

Bí ilẹ̀ bá tutù, tí ẹ kò sì dá ara yín lójú, ẹ rọra yọ òdòdó náà kúrò nínú ìkòkò. Gbòǹgbò tó dára máa ń le lọ́wọ́. Èyí tó ti rà máa ń rọ̀, á dúdú, á máa rùn, bẹ́ ẹ bá sì fà á, èèpo ara rẹ̀ á bọ́ kúrò bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́ o, nítorí gbòǹgbò pèrègún àti ti ọ̀já ìkookò lè pọ́n bí èèpo ọsàn láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é. Líle àti òórùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi àlùmọ́gàjí tó mọ́ gé gbogbo èyí tó ti rà kúrò. Ẹ tún un gbìn sínú ilẹ̀ tuntun, nínú ìkòkò tó ní ihò, tí kò sì tóbi ju gbòǹgbò tó kù lọ. Ìkòkò ńlá máa ń gba omi púpọ̀ tí gbòǹgbò kékeré kò lè mu tán. Ẹ bomi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti pa á. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan títí ewé tuntun á fi yọ. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí dieffenbachia, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Omi ara rẹ̀ máa ń yún èèyàn, bó bá sì kan ẹnu, ó lè mú kí ahọ́n wú. Ẹ sọ fún oníbàárà tó bá ní ọmọ kékeré.

Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò kò rà, ńṣe ló lọ́ mọ́ra yíká ìkòkò tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ilé ti há fún un nìyẹn. Ẹ gbé e sínú ìkòkò tó fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ tí à ń lò náà ṣe pàtàkì. Ilẹ̀dú nìkan máa ń kì pọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn oníhóró àti èèpo ìrẹsì tàbí èèpo àgbọn tó ti jẹrà: ilẹ̀dú ọwọ́ méjì, iyanrìn ọwọ́ kan, èèpo ọwọ́ kan. Ẹ má lo ìyẹ̀fun igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nílé ìlàgi. Bó bá ṣe ń jẹrà, nitrogen inú ilẹ̀ ló máa ń jẹ, ewé á sì pọ́n. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa ná.

ÌKẸRIN: Ẹ WO IBI TÓ WÀ

Bí ilẹ̀ àti gbòǹgbò bá dára, ẹ wo yàrá náà. Ẹ gbé ìwé funfun kan síbi tí òdòdó wà lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ pa iná. Ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn ketekete, ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá hàn bàìbàì, òdòdó tó lè fara da òkùnkùn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀, bíi ọ̀já ìkookò, ZZ plant àti pèrègún. Bí òjìji kò bá hàn rárá, kò sí òdòdó tó máa pẹ́ níbẹ̀. Gíláàsì dúdú tí ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ń lò máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù gan-an. Bó bá sì jẹ́ iná mànàmáná ni òdòdó gbójú lé, ẹ rántí pé wọ́n máa ń pa á lópin ọ̀sẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́dòdó ti ń pàdánù nìyí. Òdòdó tó dàgbà nínú oòrùn, ewé oòrùn ló ní. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti etí títì sínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, á já ewé wọ̀nyẹn sílẹ̀. Igi Ficus benjamina ló burú jù nínú èyí. Bí wọ́n bá ti ṣí i nípò pẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á sì máa já. Ojútùú rẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé òdòdó tó ń lọ sínú ilé sábẹ́ ibòòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa dín omi àti ajílẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́dòdó tó bá ní abẹ́ ibòòji bẹ́ẹ̀ lè ta ọjà rẹ̀ wọ́n ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, nítorí ọjà rẹ̀ kì í padà wá.

Ẹ tún wo ojú ẹ̀rọ amúlétutù. Atẹ́gùn tútù gbígbẹ tó ń fẹ́ lu ewé ní tààràtà máa ń ba ewé jẹ́. Ẹ sún un kúrò lójú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ewé tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní wọlé. Aṣọ tútù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

ÌKARÙN-ÚN: Ẹ YÍ EWÉ PADÀ

Abẹ́ ewé ni kòkòrò ń gbé. Ẹ gbé ìwé funfun sábẹ́ ewé, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí àwọn ohun tíntìntín tó bọ́ sórí ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kòkòrò tó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn ni, ó sì máa ń ta òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín ewé. Inú ibi gbígbẹ ló ti máa ń pọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kòkòrò mìíràn funfun bí òwú, ó máa ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀ka. Òmíràn lẹ̀ mọ́ igi bí ìpẹ́. Àwọn méjì yìí máa ń ya omi dídùn, èyí tó ń mú kí ewé lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tó sì ń fa eèrà wá. Bẹ́ ẹ bá rí eèrà tó ń tò gun òdòdó, ẹ wá ohun tó ń lọ jẹ níbẹ̀.

Ẹ gbé òdòdó náà kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé, kẹ́ ẹ wá fín in pẹ̀lú ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan nínú omi lítà kan. Ẹ dán an wò lára ewé kan ná, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí kòkòrò á fi tán. Òróró dóńgóyárò náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó bíi òwú, ẹ lè fi òwú tí ẹ rì sínú sípíríìtì nù wọ́n kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín dichlorvos sára òdòdó inú ilé tàbí ọ́fíìsì. Èèyàn ń mí níbẹ̀. Kódà, lọ́dún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ nínú ọjà gbangba.

ÌKẸFÀ: ÀJÍLẸ̀ LÓ GBẸ̀YÌN

Ẹ ó rí i pé ajílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣáájú la fi ṣe ìkẹyìn. Bẹ́ ẹ bá ti wo márààrún tó ṣáájú, tí ẹ kò rí àléébù, tí òdòdó náà sì ti pẹ́ nínú ìkòkò kan náà, ebi lè máa pa á. NPK 15-15-15 tó wà lọ́jà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kéré, kẹ́ ẹ sì bu ú sórí ilẹ̀ tó ti tutù, kì í ṣe sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Urea le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìpín 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ nitrogen. Inú ìkòkò kékeré, tètè ló máa ń jó gbòǹgbò.

Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lórí ilẹ̀ tàbí létí ìkòkò, tí ṣóńṣó ewé sì ń jó, ajílẹ̀ tàbí iyọ̀ inú omi ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ gbé ìkòkò náà síta, kẹ́ ẹ da omi tó mọ́ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kó máa gba ìdí jáde, kó lè fọ iyọ̀ náà lọ. Omi òjò ló dára jù fún èyí.

ÌKÒKÒ MẸ́TA, ÀÌSÀN MẸ́TA

Ká ní dieffenbachia mẹ́ta wà nínú òtẹ́ẹ̀lì kan, tí gbogbo wọn ń pọ́n. Máníjà ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, omi kún inú àwo rẹ̀: omi ló pọ̀ jù. Ìkejì wà lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló pọ́n: ẹ sún un, kẹ́ ẹ sì fomi rin ín. Ìkẹta wà ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ní ààmì tótòtó, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀: kòkòrò ni. Ọlọ́dòdó tó bá bomi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan nìkan ló ràn lọ́wọ́. Èyí tó bá bu ajílẹ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ran ìkankan lọ́wọ́. Ọlọ́dòdó tó bá yẹ̀ wọ́n wò lè má kó ìkankan padà.

Ẹ ṣe àtúnṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ewé tó ti pọ́n tán kì í sábà padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ewé tuntun ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá yọ dáadáa, iṣẹ́ yín ti dára.

OHUN TÓ YẸ KÓ WÀ NÍNÚ ÀDÉHÙN YÍN

Kí ẹ̀yin àti oníbàárà jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa bomi sí òdòdó. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ ìtọ́jú, kí òṣìṣẹ́ wọn má fọwọ́ kàn án. Ẹ so káàdì kékeré mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bomi sí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó rọ́pò èyí tó bá kú nípasẹ̀ àléébù ọjà yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé kúrò níbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Bí agbára yín bá ká a, ẹ ní ìkòkò méjì fún ipò kan tó ṣókùnkùn: ọ̀kan nínú ọ́fíìsì, ọ̀kan tó ń sinmi lábẹ́ ibòòji yín, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù.

Bí oníbàárà bá sì fẹ́ ra òdòdó síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé rárá, ẹ sọ òótọ́ fún un kẹ́ ẹ tó gba owó. Owó tẹ́ ẹ pàdánù lónìí kò tó orúkọ tí òdòdó tó kú máa bà jẹ́ lọ́la, nítorí ojú gbogbo àlejò ọ́fíìsì náà ló máa kú sí.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí jinlẹ̀ sí i lè béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 n'Ídí-Iṣin, n'Íbàdàn.

Ẹ GÉ ÈYÍ, KẸ́ Ẹ LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ ṢỌ́Ọ̀BÙ

1. Ewé wo ló pọ́n: ti ìsàlẹ̀, ti òkè, tàbí ẹ̀gbẹ́ kan?
2. Ti ìka bọ ilẹ̀: ṣé ó tutù, àbí ó gbẹ?
3. Bó bá tutù, yọ ọ́ wo: ṣé gbòǹgbò le, àbí ó ti rà?
4. Wo ìmọ́lẹ̀ àti ojú ẹ̀rọ amúlétutù.
5. Yí ewé padà, wá kòkòrò.
6. Ìgbà tí gbogbo èyí bá dára nìkan ni kó o tó ronú ajílẹ̀.